Ìpàdé Ẹbí Níwájú Adájọ́ Ṣábẹ

Wọn kò tíì pe ìrun àsúbà ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ọ̀fà nígbà tí ìyá mi kan ilẹ̀kùn. Mo ti wọṣọ tán. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Múbáráàkù, má bá ẹnikẹ́ni jà o. Ṣáà bá mi kó Ràfíátù àti àwọn ọmọ rẹ̀ wálé."

Ràfíátù ni àbúrò mi obìnrin. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ Ìsíákà, awakọ̀ ọmọ Ṣábẹ kan tó máa ń wá kó kajú ní agbègbè wa, ó sì bá a lọ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìsíákà kú ní àkókò òjò tó kọjá. Ilé kan, oko kajú kan àti ọmọ méjì ló fi sílẹ̀, obìnrin kan, ọkùnrin kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alhaji Yàyá, ní bàbá àwọn ló gbin oko náà, kò sì ní bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Adájọ́ ní kí wọ́n pe ẹbí jọ síwájú òun, kí ẹnì kan láti ìhà ìyá àwọn ọmọ sì wá jókòó níbẹ̀. Èmi ni wọ́n rán. Káfíńtà ni mí. N kò jókòó níwájú adájọ́ rí, n kò sì kọjá Ṣakí rí.

Mo wọ bọ́ọ̀sì dé Ìlọrin, mo gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ dé Ìṣẹ́yìn, mo sì sùn sí Ṣakí lọ́dọ̀ ẹni tí a jọ kọ́ṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kadà gbé mi gba ọ̀nà erùpẹ̀ dé Òkèrètè, níbi tí ilẹ̀ wa ti parí. Àwọn aṣọ́bodè tiwa wo ìwé mi, àwọn ti ọ̀hún náà wò ó, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lé e, mo sì kọjá. Igi emi kan náà ló wà ní ìhà méjèèjì.

Níbẹ̀, sémíjàn ni wọ́n ń pe ọ̀kadà. Ẹni tó gbé mi, Básírù, ń sọ Yorùbá, àmọ́ ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi tí tiwa ti ń wálẹ̀. Mo ṣẹ́ náírà mi sí sẹfá, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀. Mo bi í léèrè bóyá owó Bẹ̀nẹ̀ nìkan ni.

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Òun náà la ń ná ní Tógò, ní Níjẹ̀, dé Kódífúà. Bí mo bá gbé e dé Lọmé, mi ò ní láti ṣẹ́ ẹ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín lọjà wà. Nígbà tí ìjọba yín ti ẹnubodè pa, iṣu rà mọ́ ìyàwó mi lọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú omi ń já ẹrù sí Kútọnu, ẹni tí yóò rà á kò lè kọjá wá."

Lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n to ìgò ńlá ńlá sórí tábìlì, epo bẹntiróò tó ti ọ̀dọ̀ wa wá ló wà nínú wọn. Èyí kò wù mí, nítorí mo rí i tí ọmọ kékeré ń fi ẹnu fa epo nínú rọ́bà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a já sí títì ní Kílíbò, ọ̀nà náà tẹ́ rẹrẹ bí pákó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ọkọ̀ akẹ́rù ń lọ lórí rẹ̀ láti etíkun sí Níjẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Mo jẹ búrẹ́dì gígùn kan níbẹ̀, pẹ̀lú wàgàṣì, èyí tí í ṣe wàrà tiwa, àmọ́ tiwọn le, ó sì pupa lẹ́yìn. Nígbà tí mo wọ takisí dé Ṣábẹ, àwọn àpáta ràbàtà tó yí ìlú ká ni mo kọ́kọ́ rí.

Ràfíátù ti rù. Ọmọkùnrin rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ kúnlẹ̀, wọ́n sì ń fi èdè Faransé bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo jẹ́ iṣẹ́ tí ìyá wa rán mi.

Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti adájọ́ ná."

Ó mú mi lọ sóko nírọ̀lẹ́. Ó ní ìjọba àwọn ti fòfin de kíkó kajú tútù jáde kúrò nílùú. Ilé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ wọn ni yóò kọ́kọ́ pa á, kí àwọn òyìnbó àti àwọn ará Íńdíà tó rà á. Mo rántí àpò kajú tí a ń dì ní Ọ̀fà, tí a kì í mọ ibi tó ń lọ. Mo tún bi í léèrè ta ni gómìnà wọn. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo dé. Ó ní kò sí gómìnà. Ààrẹ wà ní Kútọnu, ilé aṣòfin wà ní Àjàṣẹ́ tiwọn lọ́hùn-ún, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní olórí tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mẹ̀rì. Lọ́dọ̀ mẹ̀rì ni òun àti Ìsíákà ti so yìgì ìjọba.

Nígbà tí a dé ilé ẹjọ́, mo rí i pé ọ̀dọ́bìnrin ni adájọ́ náà. Lọ́dọ̀ wa, lọ́yà ló ń bá lọ́yà jà, adájọ́ á sì máa gbọ́. Níbí, adájọ́ fúnra rẹ̀ ló ń bi wá ní ìbéèrè, akọ̀wé ń kọ ọ́, ògbufọ̀ kan sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá Ṣábẹ. Adájọ́ kọ́kọ́ bi Alhaji Yàyá léèrè ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Alhaji dìde. Àgbàlagbà ni wọ́n. "Àlejò ni obìnrin yìí. Yóò ta oko bàbá mi, yóò kó ọmọ àbúrò mi lọ sí Nàìjíríà. Èmi yóò kú láìrí wọn."

Adájọ́ kọjú sí mi. "Ṣé ẹ wá kó wọn lọ ni?"

Mo lè sọ pé rárá. Mo wo àbúrò mi, mo wo Alhaji, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá wa ní kí n kó wọn wálé."

Ariwo sọ. Alhaji Yàyá ní, "Ẹ̀yin náà ti gbọ́." Ràfíátù kò wo ojú mi. Mo rò pé mo ti ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Adájọ́ dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́. Madamu, ẹ̀yin ńkọ́?"

Ràfíátù dìde. "Mo fẹ́ràn ìyá mi. Ṣùgbọ́n ọmọ Ṣábẹ làwọn ọmọ mi. Èmi àti bàbá wọn la jọ ń ro oko yẹn. N kò ní lọ síbì kankan, n kò sì ní ta igi kan."

Nígbà náà ni adájọ́ ṣàlàyé òfin fún wa. Lọ́dọ̀ wa ní Kwara, ogún lè gba ọ̀nà òfin ìbílẹ̀, ó lè gba ti Ìmàle, ó lè gba ti ìjọba, ẹbí a sì máa jà lórí ọ̀nà tí wọn yóò gbà kí wọ́n tó jà lórí ogún gan-an. Ní Bẹ̀nẹ̀, ìwé òfin ẹbí kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ènìyàn. Ìyàwó ní ìpín tirẹ̀. Ọmọ obìnrin àti ọmọkùnrin ń gbà dọ́gba. Ràfíátù ni yóò máa bójú tó ti àwọn ọmọ títí wọn yóò fi dàgbà, kò sì sẹ́ni tó lè ta á láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i.

Ohun tó tẹ̀lé e ni n kò retí. Adájọ́ ní òfin fẹ́ kí ẹnì kan láti ìhà bàbá máa ṣọ́ ẹni tó ń bójú tó ogún ọmọ. Ó wá yan Alhaji Yàyá. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ ń bẹ̀rù pé wọn yóò ta oko. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ."

Alhaji jókòó. Nígbà tí ògbufọ̀ bi wọ́n bóyá wọ́n gbà, wọ́n fi etí agbádá nu ojú, wọ́n ní àwọn gbà.

Ilé wọn ni mo ti jẹun lọ́jọ́ náà, iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Alhaji bu ẹran sí àwo mi. Wọ́n ní, "Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Mo ti múra ìjà dè ọ́."

Mo ní, "Alhaji, ìyá mi ní kí n má jà."

Àwọn ọmọ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èyí ọkùnrin ti sùn lé wọn lẹ́sẹ̀.

Mo gba ọ̀nà tí mo gbà lọ padà wálé, èmi nìkan. N kò ní pe Bẹ̀nẹ̀ ní ìlú àwọn áńgẹ́lì. Ràfíátù sọ fún mi pé owó orí le, pé ilé ẹjọ́ sì sún ọjọ́ síwájú títí ó fi sú òun. Ṣùgbọ́n mo rí òfin kan níbẹ̀ tó bi ọkùnrin àgbà léèrè ẹ̀rù rẹ̀, tó sì wá ibi fi í sí. Mo ti rí ẹbí tó fọ́ lórí ilẹ̀ tí kò tó oko yẹn, ní Ìjàgbó àti ní Ọ̀fà níbí, nítorí kò sẹ́ni tó bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo wọlé. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ohun tí Ràfíátù sọ níwájú adájọ́. Wọn kò sunkún. Wọ́n ní kí n tún ọ̀rọ̀ Ràfíátù sọ, mo sì tún un sọ.

Wọ́n wá ní, "Ọ̀kadà tó lọ láti Ṣakí dé ẹnubodè yẹn, ṣé ó lè rọra gbé ẹni tí orúnkún ń dùn?"