Ta Ló Ní Kó Bá Mi Pa Baba Afárá?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó kí ẹ bá mi gbọ́ èyí. Láti ìgbà tí mo ti Savalou dé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú, bí n kò bá sì sọ ọ́ jáde, inú mi á bẹ́. Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́ o! Ẹ gbọ́ ọ dópin ná.

Ẹ mọ̀ pé tíṣà ni mí ní Bantè níbí. Ohun tí púpọ̀ nínú yín kò mọ̀ ni pé mo fẹ́ràn géèmù. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi Ìyá Léa, màdáàmù tó ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ yín ní kíláàsì! Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Cotonou ló gbé ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ fún mi nígbà tó ra tuntun. Tí a bá ti jáde ní ilé-ìwé lọ́sàn-án, tí mo bá ti jẹun tán, iwájú tẹlifísọ̀n lẹ ó ti bá mi, mánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń darí géèmù lọ́wọ́ méjèèjì, tí mò ń fi àtàǹpàkò jagun.

Géèmù ọ̀hún le! Idà, apata, àwọn abàmì ẹ̀dá oríṣiríṣi. Tí wọ́n bá pa ọ́, wàá padà sẹ́yìn lọ tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wá le jù ni jagunjagun kan tó dúró lórí afárá, tó ga bí ìrókò, tó mú idà méjì dání. Ẹni tí kò bá pa á kò lè kọjá. Èmi àti Rosaline la sọ ọ́ ní Baba Afárá.

Rosaline ni ọ̀rẹ́ mi. Ilé-ìwé kan náà la ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ Agoua ni, ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ ní géèmù yìí o, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn! Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú mánẹ́ẹ̀tì, ògiri ló ń forí sọ, tí mò ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi.

Géèmù kan náà ni, ṣùgbọ́n òun ní tirẹ̀ tó ń bá bọ̀ lórí ẹ̀rọ mi, èmi náà ní tèmi; ibi tí kálukú bá dé, ẹ̀rọ á fi pamọ́ fún un. A wá sọ ọ́ di àáró. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìgboro, àáró ni kí n bá ọ ro oko rẹ lónìí, kí o bá mi ro tèmi lọ́la. Níbi tó bá ti le fún mi, Rosaline á gba mánẹ́ẹ̀tì, á bá mi la ọ̀nà. Níbi tó bá ti le fún un, èmi náà á bá a ṣe é. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, àbí?

Ṣùgbọ́n Baba Afárá, tèmi nìyẹn! N kò fi ẹnu sọ ọ́, mo rò pé ó yé e ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣa kajú ni mo ti ń bá a jà. Ó ń pa mí, mò ń padà. Mo ti mọ bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀, mo ti mọ ìgbà tó máa ń dúró mí. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, orí afárá ni ọkàn mi wà. Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, a máa jókòó tì mí, á máa ṣẹ́ èpè fún jagunjagun náà: "Ojú á tì ọ́, àgbàyà!" Nígbà kan tó ku díẹ̀ báyìí kí n pa á, iná lọ! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé ọjọ́ rẹ̀ ti sún mọ́lé.

Àfi bí wọ́n ṣe pè mí sí Savalou pé kí n wá bá wọn máàkì ìdánwò. Wọn kò pe Rosaline. Mo wọ takisí, mo lọ. Ẹ gbà mí, ọ̀sẹ̀ yẹn gùn! Òkìtì ìwé, ooru, àwọn èèyàn ń bá mi sọ èdè Mahi tiwọn, mò ń fi Faransé dá wọn lóhùn. Baba Afárá nìkan ló ń tù mí nínú. Mò ń ronú ibi tí mo máa dúró sí, bí mo ṣe máa yẹ idà rẹ̀, ariwo tí mo máa pa nígbà tó bá ṣubú.

Mo délé. N kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí ìyá ọkọ mi fi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ìyàwó mi, káàbọ̀ o! Rosaline ti bá ọ pa àgbàyà yẹn!"

Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ẹ bá se ọbẹ̀, tí ẹ tọ́jú ẹran tó wù yín jù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, tí ẹ wá ṣí i, tí ẹ kò bá nǹkan kan? Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.

Firmin, ọkọ mi, tún wá fi iyọ̀ sí egbò. Ó ní ó mà ṣe o, n kò sí ńlé! Ó ní Rosaline ń fò síhìn-ín, ó ń bẹ́ sọ́hùn-ún, jagunjagun náà kò rí i gbá mú. Ó ní òun àti ìyá òun pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Ó mirí, ó ní, "Ọwọ́ Rosaline yá o!"

Ọwọ́ Rosaline yá? Ọkọ mi tí kì í gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀ tí èmi bá ń ṣeré! Ọkọ tí kò pàtẹ́wọ́ fún mi rí! Owú ru sókè nínú mi bí omi tó ń hó. Mo ti ń gbọ́ nípa owú orogún tipẹ́, n kò mọ̀ pé géèmù náà lè fún èèyàn ní orogún.

Rosaline dé ní ìrọ̀lẹ́, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní òun rí i pé èmi ni àáró kàn, n kò sì sí ńlé, lòun bá kúkú bá mi ro ó, kí koríko má baà bo oko dè mí. Kí ni mo fẹ́ wí? Òfin àáró nìyẹn lóòótọ́! Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá mi kán ní Akpassi, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe àáró ló kọ ebè iṣu rẹ̀ tán kó tó lè dìde, gbogbo ilé wa la sì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Rosaline. Ẹ̀rín tí mo rín sí i kò kọjá ètè.

Láti ọjọ́ náà ni géèmù ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gba orí afárá kọjá, ilẹ̀ tuntun ṣí sílẹ̀ lọ rẹrẹ níwájú mi, òkè lọ́tùn-ún, ààfin lósì. Kò dùn! Ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń rìn kiri nínú ilé onílé. Mo ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi kò gbé e. Inú dídùn ní í mú orí yá, inú ta ló dùn? Mo pa ẹ̀rọ náà, mo da aṣọ bò ó.

Rosaline á wá, mo ní orí ń fọ́ mi. Á tún wá, mo ní mò ń fọṣọ. Ó bi mí bóyá òun ṣẹ̀ mí. Mo ní rárá o, kí ló dé tó fi béèrè? Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Tí a bá pàdé ní ilé-ìwé, "Ẹ káàárọ̀, màdáàmù" ló kù láàrin èmi àti ẹni tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni owú kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo rántí pé géèmù Rosaline wà lórí ẹ̀rọ mi. Baba Afárá tirẹ̀ ńkọ́? Èmi náà á bá a pa á! Kí òun náà ṣí ìkòkò, kó má bá ẹran! Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀yin náà ní owú tiyín nílé.

Mo ká aṣọ kúrò, mo ṣí géèmù rẹ̀. Mo rí i pé ẹsẹ̀ afárá ló dúró sí. Kò tíì gun orí rẹ̀ rárá! Ẹni tó pa tèmi, kò tíì fọwọ́ kan tirẹ̀. Kí ló ń dúró dè? N kò bá ara mi rò ó jìnnà, mo gorí afárá.

Baba Afárá pa mí. Mo padà. Ó tún pa mí. Mo bú u ní èdè Ìsà tiwa, mo bú u ní Faransé, ó tún pa mí. Èmi tí mo wá gbẹ̀san, èmi ni wọ́n ń nà! Òógùn bò mí. Bí mo ṣe tún ń padà lọ bá a, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: "Ìyá Léa!"

Rosaline ni. Abọ́ mi tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ló wá dá padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo tẹlifísọ̀n, ó ń wo èmi. Ó ti dá géèmù rẹ̀ mọ̀. Ọwọ́ ti tẹ̀ mí!

Ni ojú rẹ̀ bá túká. Ó sọ abọ́ kalẹ̀, ó jókòó tì mí pẹ́kípẹ́kí. "Àáró mi lo ń san yìí? Háà! Mo ti rò pé inú ló ń bí ọ sí mi. Mo ní n kò ní fọwọ́ kàn án, pé ìwọ ló kàn. Ìwọ ni mo ń dúró dè látọjọ́ yìí."

Ẹ bá mi wá ibi tí mo máa fojú sí! Mo yáa kọjú sí tẹlifísọ̀n.

Rosaline bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. "Yà sósì! Sá sẹ́yìn! Ó ti dúró mí, gún un!" Ìyá ọkọ mi gbọ́ ariwo, ó jáde láti yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ èpè rẹ̀ lákọ̀tun. N kò mọ ìgbà tí ìbínú kúrò lára mi. Ṣàdédé ni mo rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín. Idà kan fò kọjá lórí mi, mo yọ́ gba abẹ́ rẹ̀, mo gún un. Baba Afárá kúnlẹ̀. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì!

Yéè! Rosaline fò mọ́ mi lọ́rùn, a jọ ṣubú sórí ẹní. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "O pa á! Ìyá Léa, o pa á!" Inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni pé ọwọ́ òun gan-an ló ṣe é. Èmi tí mo mú mánẹ́ẹ̀tì láti fi bà á nínú jẹ́!

Mo pe Firmin ní ọ́fíìsì, mo ní mo ti pa á. Ó ní ó dára. Ó wá bi mí pé ṣé Rosaline ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ rí ayé mi? Owú náà kò tíì tán pátá o, n kò ní parọ́ fún yín.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé. Tí ẹnìkan bá bá wa ro oko, ká dúpẹ́, nítorí iṣu la fẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ń ṣe nítorí adùn rẹ̀, ẹ bi í kí ẹ tó bá a parí rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì bá parí tiyín, ẹ lanu sọ̀rọ̀! Ẹnu tí mo pa mọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí láàrin yín? Ta ló ti bá yín jẹ ẹran ìsàlẹ̀ ìkòkò rí, tó tún ń retí ọpẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo rẹ̀ ni mo máa kà.

Rosaline, mo mọ̀ pé ìwọ náà ń kà á. Lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe àáró ni mo wá san. Wá lọ́sàn-án ọ̀la kí o wá bú mi. Abọ́ tí o dá padà wà lórí tábìlì, mo ti bu ọbẹ̀ sí i dè ọ́. Ẹran ìsàlẹ̀ ìkòkò ló wà nínú rẹ̀.