Ìyá Wẹ́fíà Lọ sí Fìdítì

Ní Agbowó, ó ṣòro láti rí ẹni tó ń pe Moróunkẹ́ Fẹ̀hìntọlá lórúkọ. Ìyá Wẹ́fíà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí ẹ̀ka ìgbáyégbádùn ìjọba, wẹ́fíà, ló ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yọjú sí àwọn tí kóòtù dá lẹ́bi ṣùgbọ́n tí kò rán lọ sẹ́wọ̀n. Bí adájọ́ bá rí i pé ẹlẹ́ṣẹ̀ kan ṣì lè yí padà, òfin fún un lágbára láti ní kó máa lọ sílé, kó máa gbé ibi tí kóòtù mọ̀, kó hùwà ọmọlúàbí títí ọdún kan yóò fi pé, kí òṣìṣẹ́ ìjọba sì máa ṣọ́ ọ. Probéṣọ̀n ni wọ́n ń pe ètò yìí. Ẹni tó bá rú u, ẹ̀wọ̀n tó yẹ̀ lórí rẹ̀ ṣì ń dúró dè é. Moróunkẹ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ká má purọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an ni.

Ọdún 1994 nìyẹn, tí epo mọ́tò di ohun tí à ń fi àdúrà wá. Ẹsẹ̀ ni Moróunkẹ́ fi ń rìn láti Agbowó dé Mọ́kọ́lá, tí yóò tún fi rìn padà. Bó bá délé, á ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, á bínú sí ìjọba, á bínú sí àwọn olè, á sì tún jáde lọ́jọ́ kejì.

Ìdrís ló fọkàn tán jù nínú àwọn tó ń ṣọ́ lọ́dún yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń bá Alàgbà Ikúbọlájẹ́ ta rédíò ní Dùgbẹ̀. Ó jí ọ̀kan gbé, ó tà á, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, wọ́n sáré bẹ Ikúbọlájẹ́, inú rẹ̀ sì rọ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ti gbé ẹjọ́ dé iwájú Adájọ́ Adésànyà. Ẹ̀wọ̀n ni adájọ́ ń wò. Moróunkẹ́ ló dìde, tó ní òun ti dé ilé wọn, òun ti bá lèmọ́mù wọn sọ̀rọ̀, olè àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí.

Adésànyà wò ó títí. Ó ní, "Ẹnu yín ni mo gbà gbọ́ o, Màdáàmù. Bí eléyìí bá já mi kulẹ̀, ẹ má bá mi bẹ̀bẹ̀ fún ẹlòmíì mọ́."

Ilé ìyá rẹ̀, Zùwáírátù, ní Agbowó ni wọ́n ní kí Ìdrís máa gbé, lẹ́yìn ilé Ikúbọlájẹ́ gan-an. Moróunkẹ́ yọjú lẹ́ẹ̀mejì, ó bá a. Nígbà tó tún lọ, kò bá a.

"Ẹ kú iṣẹ́ wa o, Ìyá Wẹ́fíà," ni Zùwáírátù wí, ó kúnlẹ̀, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. "Ọmọ yín ti lọ sí Fìdítì. Ó wà lọ́dọ̀ àbúrò mi tó ń ṣe káfíńtà."

"Fìdítì kẹ̀? Ta ló ní kó lọ?"

"Àwọn àgbà ni, mà. Wọ́n ní ẹni tí a bá bẹ̀bẹ̀ fún, kò yẹ kó tún máa rìn gbéregbère níwájú ẹni tó ṣẹ̀. Alàgbà fúnra wọn ló wúre fún un nígbà tó ń lọ."

Moróunkẹ́ wá àpótí kan jókòó lé. Ta ni ì bá bá wí? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé tirẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ a máa yẹra díẹ̀ kí ara ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè balẹ̀. Ẹni tí kò bá yẹra, wọ́n á ní ojú kò tì í. Ṣùgbọ́n lójú kóòtù, ẹni tó kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, sísá ló sá.

"Ìyá Ìdrís, bí adájọ́ bá gbọ́ èyí, ẹ̀wọ̀n ni."

"Ẹ̀wọ̀n báwo? Ṣebí wọ́n ti dárí jì í?"

"Wọn ò tíì dárí jì í. Wọ́n ṣì ń wò ó ni."

Igbe ni Zùwáírátù fi bọnu.

Lọ́jọ́ kejì, Moróunkẹ́ dúró ní Òjóò títí oòrùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ọpọlọ rẹ̀ kó tó rí ọkọ̀ akẹ́rù kan gbà á. Ní Fìdítì, ó bá Ìdrís níbi tó ti ń fi ayùn gé pákó. Ó ti sanra díẹ̀. Bó ti rí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú èérún igi.

"Ìdrís, wọ ẹ̀wù rẹ, ká máa lọ."

Kò jiyàn. Ó kàn ní, "Mọ̀mí, n ó bá yín lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni wọ́n ń pè mí níbí. Ní Agbowó, bí mo bá lọ pọnmi, wọ́n á gbé korobá wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n á ní ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán bora, aṣọ olè ló dà bora."

Ọ̀rọ̀ náà dun Moróunkẹ́ dé egungun. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ó gbà pé ẹni tó bá ti sùn sílé ti rí àánú gbà. Kò rò ó rí pé ilé náà lè ta èèyàn lára.

Kò fi nǹkan kan pamọ́ fún Adésànyà. Ó mú ìyá àti ọmọ wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Ìdrís máa gbé Fìdítì.

Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀. "Mo lágbára láti rán an lọ sẹ́wọ̀n lónìí. Mo sì lágbára láti yí ibùgbé rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ṣọ́ ọ? A ò ní òṣìṣẹ́ kankan ní ọ̀nà ibẹ̀ yẹn."

Orúnkún Moróunkẹ́ ń ro ó. Ó rántí Òjóò, ó rántí oòrùn. Ó bínú sí adájọ́, ó bínú sí Ìdrís, ó bínú sí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe rédíò láyé.

"Èmi ni, sà," ó ní.

Ìgbà yẹn ni Ìdrís gbé orí sókè. "Rárá, mọ̀mí. Ẹ jókòó sílé. Èmi ni n ó máa wá bá yín ní Agbowó."

"Àdúgbò tí wọ́n ti ń gbé korobá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"

"Kí wọ́n máa gbé e. N ó gba àárín wọn kọjá."

Adésànyà ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, ó fa kálámù jáde. Omi ti ń dà lójú Moróunkẹ́ kó tó mọ̀. Gbogbo ọdún tó ti fi ń tọ ilé àwọn èèyàn yìí kiri, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ fún un rí pé kó jókòó.