Ìyèrè Inú Ọbẹ̀ Ìyá Àgbà

Bí Ìyá àgbà bá ti gbé agbada kékeré kaná láti yan ìyèrè, gbogbo ilé ni yóò máa sín. Èmi tí mò ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, bàbá mi á gbà á lẹ́nu mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́ tí a so mọ́ ẹ̀yìnkùlé pàápàá á sín tirẹ̀. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, nìkan ni kì í sín. Wọn á dúró sáàárín èéfín náà, wọn á máa fi wá rẹ́rìn-ín, wọn á ní imú àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti rọ̀ jù.

Abúlé wa kò jìnnà sí Àkànrán. Kòkó ló yí wa ká, ṣùgbọ́n ní etí odò, níbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì dáko sí, ìtàkùn ìyèrè ti gun àwọn igi ńlá dókè. Èso rẹ̀ wẹ́wẹ́ a máa so ní ṣùṣù, a pọ́n lórí ìtàkùn, a sì dúdú bí a bá ti sá a sóòrùn. Kò sí obìnrin tó bímọ lábúlé náà tí kì í retí ọbẹ̀ Ìyá àgbà: omi ata gbígbóná, ẹja gbígbẹ àti ìyèrè, tí ìyá ìkókó á máa mu títí yóò fi làágùn.

Oúnjẹ ni wọ́n ka ọbẹ̀ yìí sí o. Oògùn kò gbọdọ̀ kan ọwọ́ wọn. Aládùúrà ni wọ́n, aláṣọ funfun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwọn tún ju ti ìjọ lọ. Àwọn ọmọ kan ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn oríṣiríṣi àgbo kí wọ́n tó bí àbúrò bàbá mi. Nígbà tí àìsàn kọlu ìyẹn náà ní ìkókó, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé bí ó bá yè, àwọn kò ní fọwọ́ kan oògùn mọ́ láyé, àwọn kò sì ní fi fún ẹlòmíràn. Ọmọ náà yè. Láti ìgbà náà, bí ibà bá mú wọn, àdúrà àti omi ni.

Ọmọ tó yè yẹn ni àwa ọmọdé ń pè ní Bọ̀ọ̀dá. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan nígboro Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ewé àti èso igbó wò láti mọ ohun tó wà nínú wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n kó ìyèrè Ìyá àgbà lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìgò kékeré kan ni wọ́n mú bọ̀, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, ó pọ́n díẹ̀ bí oyin. Wọ́n ní àwọn lọ ìyèrè náà, àwọn rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì, àwọn sì ń sẹ́ ẹ léraléra títí ó fi ku èyí. Wọ́n ti ìgò náà bọ omi gbígbóná, wọ́n wá gbé e sínú abọ́ omi tútù, wọ́n ní ká máa wò ó.

Ní ìsàlẹ̀ ìgò, ohun kan tàn. Òmíràn tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí n tó mọ̀, ohun tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ti kún ibẹ̀, wọ́n ń gùn sí i lójú wa, nínú omi tí a ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orí mi wú. Ìyá àgbà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bọ̀ọ̀dá fi ayọ̀ sọ pé, "Màámi, oògùn tí ẹ ti fi ń tọ́jú àwọn ìyá ìkókó látọjọ́ yìí nìyí."

Bọ̀ọ̀dá ò mọ̀ nípa ẹ̀jẹ́ náà. Ìyá àgbà ò sọ ọ́ fún wọn rí. Ojú Ìyá àgbà rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ.

Láti ọjọ́ náà, ìyèrè pòórá ní ilé ìdáná wa. Ìyá àgbà gbà pé ẹ̀jẹ́ àwọn ti bàjẹ́, àti pé orí ọmọ tí àwọn tìtorí rẹ̀ jẹ́ ẹ ni ìyà rẹ̀ yóò já lé. Wọ́n ń gbààwẹ̀. Bí Bọ̀ọ̀dá bá gun alùpùpù padà sígboro, wọn á dúró létí ọ̀nà títí ìró rẹ̀ á fi kú. Àsìkò yẹn ni ìyá mi bí àbúrò mi. Ọbẹ̀ tó dé iwájú ìyá mi kò ní ìyèrè, mo sì rí i bí wọ́n ṣe ń wo abọ́ náà.

Lẹ́yìn tí a sọ ọmọ lórúkọ, tí àlejò ti lọ, Bọ̀ọ̀dá béèrè ohun tó ṣe ọbẹ̀. Ìyá àgbà pè wọ́n wọ yàrá ìyá mi, níbi tí mo ti gbé ìkókó dání, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mú ìgò náà jáde nínú àpò wọn. Ìyá àgbà wá béèrè pé, "Nǹkan tó ń dán yẹn, ta ló fi í sínú ìyèrè?"

"A ò fi nǹkan kan sí i, Màámi. Ibẹ̀ la bá a."

"Kí ẹ tó débẹ̀?"

"Kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀."

Ìyá àgbà ní kí wọ́n tún un ṣe. Nínú omi gbígbóná, gbogbo abẹ́rẹ́ náà yọ́ tán, ìgò mọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀ rí. Nínú omi tútù, wọ́n padà wá. Ìyá àgbà bọ́ sálúbàtà wọn, wọ́n tì í sẹ́nu ọ̀nà bí a ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú abọ́ náà. Omijé ń dà lójú wọn.

"Oògùn tí ọwọ́ ènìyàn pò ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ lé lórí," ni wọ́n wí. "Èmi ò po èyí. Ìwọ náà ò pò ó."

Wọ́n rán mi lọ gbé agbada. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá mi ti ń làágùn lórí ọbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Bọ̀ọ̀dá ò fi ìtàkùn náà sílẹ̀. Bí wọ́n bá wálé, wọn á ní àwọn tún rí nǹkan mìíràn nínú ewé rẹ̀, tàbí nínú gbòǹgbò. Àwọn mọ iṣẹ́ tí òmíràn ń ṣe, àwọn ò tíì mọ ti òmíràn. Ìyá àgbà kì í béèrè orúkọ àwọn nǹkan náà. "Ó ti tán?" ni wọ́n máa ń béèrè. Bọ̀ọ̀dá á ní kò tíì tán, ojú Ìyá àgbà á sì tàn bí ti ẹni tí wọ́n tún fún lọ́mọ. Kò yé mi nígbà náà. Mo rò pé iṣẹ́ tí kò tán yẹ kó máa dunni ni.

Ìyá àgbà ti lọ tipẹ́. Èmi náà ti kọ́ ọmọ níléèwé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ayọ̀ wọn yẹn ló kù sí mi lọ́wọ́. Bí ọ̀mọ̀wé kan bá ń ṣàlàyé nǹkan lórí rédíò, tó wá dé ibi tó ti ní àwọn ò tíì mọ ìyókù, mo máa ń dúpẹ́ níbi tí mo bá jókòó sí pé ohun tí Ọlọ́run fi síbẹ̀ kò tíì tán.