Igbó Kan Tó Kù Lọ́wọ́ Zélica

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Zélica Chiasson fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń se akàn ní Lamèque. Rọ́bà omi kì í kúrò lọ́wọ́ wọn níbẹ̀. Tábìlì, ilẹ̀, bàtà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi í rọ omi sí. Zélica fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ilé mi ló kan tirẹ̀.

Igi igbó mẹ́rin ni òfin ìlú wa gbà kí ilé kan gbìn. Ó gbin mẹ́rin sí yàrá abẹ́ ilé, lábẹ́ iná. Òun kò mu ún rí. Àbúrò rẹ̀ Normand ló ń gbìn ín fún. Okùn irin já nínú ọkọ̀ ìpẹja, ó na Normand lẹ́yìn, ó sì ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá gan, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ igbe rẹ̀. Oògùn dókítà ń mú un sùn bí òkú. Ìgbà tí Zélica ń se igbó mọ́ bọ́tà, tó ń fi pa búrẹ́dì fún un, ló tó jí, ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa. Inú wa dùn.

Ọwọ́ obìnrin kan ní Bathurst ló ti gba irúgbìn èyí. Obìnrin náà ti kú. Igbó tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kò ṣiṣẹ́ fún Normand.

Ní oṣù kejì, Zélica ṣí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú ike kékeré sínú korobá ńlá. Ó fi rọ́bà rọ omi sí wọn títí omi fi jáde nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ewé wọn rọ. Ó rò pé òùngbẹ ni. Ó tún rọ omi sí i. Kó tó pè mí, mẹ́ta ti kú.

Mo fa ọ̀kan tu. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó ń yọ̀, ó sì ń rùn.

"O rì wọ́n sómi," mo ní.

"Ewé wọn rọ, Bàbá Onézime! Ẹ ò rí i ni?"

"Èyí tí òùngbẹ ń gbẹ á rọ. Èyí tómi pọ̀ jù fún náà á rọ. Má wo ewé. Korobá ni kó o gbé."

Mo bu erùpẹ̀ gbígbẹ kún korobá mìíràn, mo ní kó gbé òun àti èyí tó kún fómi wò. Ó gbé wọn. Ó yára gbé tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ṣì ní gbòǹgbò funfun díẹ̀. Mo gé èyí tó rà kúrò, mo gbìn ín sínú ike tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju gbòǹgbò rẹ̀ lọ. Gbòǹgbò kékeré kò lè mu omi korobá ńlá tán. Mo fún un lómi ìdajì kọ́ọ̀pù.

"Má fún un mọ́ títí ike á fi fúyẹ́."

"Tó bá kú ńkọ́?"

"Ó kú nìyẹn."

"Ẹnu yín ò dára."

Lọ́jọ́ kejì ó fi wáyà di ẹnu ẹ̀rọ omi abẹ́ ilé, kí òun fúnra rẹ̀ má bàa tún rọ omi sí i. Lọ́jọ́ kẹta ó sáré wọ ilé mi nínú yìnyín láìwọ kóòtù.

"Ó wúwo ju àná lọ!"

Mo wo ọwọ́ rẹ̀.

"Mo fi ìyá mi búra, mi ò kàn án!"

A padà lọ. A gbọ́ ìró lórí àtẹ̀gùn. Normand ni. Ó ń fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó fi eyín di etí kọ́ọ̀pù mú, omi ti dà sí i láyà.

"Normand! Láti ìgbà wo?"

Ó yọ kọ́ọ̀pù lẹ́nu. "Nígbàkígbà tó o bá ti jáde. Ṣé kí n jókòó kó kú ni?"

"Ìwọ lo pa mẹ́ta yẹn!"

"Àwa méjèèjì ni. Ìwọ fi rọ́bà, èmi fi kọ́ọ̀pù."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ gan níbẹ̀. A dì í mú lórí àtẹ̀gùn títí ó fi rọlẹ̀. Ó pẹ́.

Lẹ́yìn náà mo yọ igbó náà tòun ti erùpẹ̀ rẹ̀, mo fi ìwé ìròyìn wé e kó fa omi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ ìwé, mo wá dá a padà sínú ike rẹ̀. Zélica gbé e lọ sí ilé ìdáná, níbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Normand.

"Ìwọ ni kó o máa gbé e wò. Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Tó bá fúyẹ́, sọ."

Normand ń gbé e láràárọ̀. "Ó ṣì wúwo." Ewé ìsàlẹ̀ pọ́n, ó já. Zélica kò lè wò ó. Ó ń jáde lọ kó yìnyín níbi tí yìnyín ti tán.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Normand gbé e, ó tún un gbé.

"Mú omi wá. Ìdajì."

Zélica ń dà á, Normand ń wo kọ́ọ̀pù.

"Ó tó!"

"Mo mọ̀!"

"O ò mọ̀ rárá."

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ewé kékeré méjì orí rẹ̀ nà ró. Normand kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, òórùn igbó náà ti gba gbogbo ilé ìdáná. Àlùfáà wá kí wọn, ó jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ Normand, ó mu tíì rẹ̀ tán, kò béèrè ohun tó ń rùn.