Ẹyẹ Tó Ń Wúkọ́ Nínú Yàrá Gàrí

Ní kékeré mi ní Ìgànná, kí n tó mọ̀wé kà dáadáa ni mo ti mọ ojú ẹyẹ kà. Bàbá mi ló mú ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé kan bọ̀ láti oko ọkà bàbà. Mo na ẹ̀pà sí i. Ọmọlójú rẹ̀ súnkì, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ó sì tún fẹ̀ padà, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mi ò lè gbójú kúrò. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹyẹ ti wọ̀ mí lára.

Àgò tí wọ́n fi pòròpórò hun fún un kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi jẹ ẹ́ tán. Wáyà ni Bàbá fi ṣe èkejì, wọ́n sì gbé e kọ́ sínú yàrá tí Màmá ń kó gàrí títà sí. Bí mo bá ti fi asẹ́ kù gàrí tán, ibẹ̀ ni mò ń lọ jókòó. Mo fúnra mi kíyè sí i pé bó bá ń rọra lọ àgógó rẹ̀ pọ̀, oorun ló ń kùn ún. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ara tù ú. Bó bá lẹ ìyẹ́ mọ́ra, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, ó ti rí ohun tó bà á lẹ́rù. Nítorí ẹ̀pà tí mò ń jí bọ́ ọ ni wọ́n ṣe ń mú mi kúnlẹ̀ nínú oòrùn.

Nígbà òjò kan, ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ ènìyàn ni: méjì kúkúrú, ìdákẹ́, ọ̀kan gígùn, bí ìgbà tí ènìyàn fi aṣọ bo ẹnu. Kò sì sẹ́ni tó ń wúkọ́ nílé wa.

Oníbàárà kan láti ìlú Komu gbọ́ ọ, ó da gàrí tó ti wọ̀n padà sínú àpò. Ó ní, "Mi ò ra gàrí oníkọ́ o, ìyá wa." Gàrí yẹn la fi ń jẹun. Ìyá àgbà, tó bí bàbá mi, pe gbogbo wa jọ.

"Ta ló ń wúkọ́?"

Bàbá ní òun kọ́. Màmá wolẹ̀, ó ní, "Ẹyẹ oko ni, Ìyá. Ta ló mọ ibi tó ti gbọ́ ọ?"

Ìyá àgbà ní, "Èmi mọ̀ ọ́n. Bí bàbá ọkọ mi ṣe wúkọ́ nínú yàrá yẹn títí ó fi kú nìyẹn. Ẹ tú u sílẹ̀ lọ́la."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ yàrá náà mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sá pamọ́ sẹ́yìn àpò gàrí, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹyẹ mi lọ. Ìlẹ̀kùn ṣí. Mo wo ẹyẹ, mo rò pé yóò rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ kan ló gbé sókè. Ẹni tó wọlé kì í ṣe àjèjì sí i.

Màmá ni. Ó fi etí ìró bo ẹnu, ó wúkọ́: méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Ẹyẹ dá a lóhùn. Ó tún wú, ẹyẹ tún dáhùn. Nígbà tó rí mi, ó ní, "Àjíkẹ́, má sọ fún wọn. Ta ni yóò ra gàrí wa?"

Mo sọ fún Ìyá àgbà. Kò bínú. Ó di ọwọ́ Màmá mú, ó ní, "Ìyàwó mi, gàrí á tún wà." Ikọ́ fée ni wọ́n bá lára Màmá ní ọsibítù. Oṣù mẹ́fà ló fi lo oògùn, ó sì sàn. A ò tú ẹyẹ náà sílẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun ikọ́ náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Màmá máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, tí yóò máa tẹ́tí sí ikọ́ ara rẹ̀.

Nígbà yẹn, etí lásán la ní. Lónìí, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tà nínú àgò irin ni mò ń sìn, fóònù ni mo sì fi ń ṣọ́ ọ. Ohùn àti ìṣesí mẹ́tàdínlógójì ló wà nínú ìwé tí mo ń kọ nípa rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ìkérora kékeré kan, tó máa ń ṣe tó bá ku èmi nìkan nílé. Lánàá, mo kọ ojú fóònù sí àgò fún wákàtí kan. Mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì, mo ka ìkérora inú rẹ̀, kí n tó gba ọsibítù lọ láàárọ̀ yìí. Ìkérora mọ́kànlá. Ẹyẹ la ẹnu fún mẹ́rin. Méje tó kù, tèmi ni.