Ẹ̀gbọ́n Wa Tó Ń Gbé Inú Ọkọ̀

Bí kùrukùru bá bo adágún, Ẹ̀gbọ́n wa ni mo máa ń rántí. Tí òtútù bá ti lọ, wọ́n á kó kúrò nílé wọn ní Downsview, ní Toronto, wọ́n á lọ máa gbé inú ọkọ̀ wọn tó ní ibùsùn, létí omi. “Tí aládùúgbò bá yọ mí lẹ́nu,” wọ́n á ní, “mo tan ẹ́ńjìnnì.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwa ọ̀rẹ́ mélòó kan àti Ẹ̀gbọ́n jọ wa kayak, ọkọ̀ àfiàjẹ̀wà kékeré, lọ pẹja, kùrukùru bò wá, àwa yòókù sì padà sétí omi láìrí Ẹ̀gbọ́n. A pe àwọn tó ń wá ẹni tó sọnù lórí omi; òṣìṣẹ́ wọn kan dé, ó béèrè orúkọ Ẹ̀gbọ́n. Àwa àgbà ọkùnrin ń wo ara wa. “Ẹ̀gbọ́n” nìkan la mọ̀! A figbe ta: “Ẹ̀gbọ́n o!”

Ohùn kan dáhùn nínú kùrukùru: “Ẹ dákẹ́ jàre, ẹ ń lé ẹja mi!”

Òṣìṣẹ́ náà ṣì ń retí orúkọ. Ta ló láyà láti bi wọ́n?