Owó Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Gbé

Bí mo bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ agbówó báǹkì títí dòní, inú á bí mi. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ń fi kó owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ láti Èrúwà wá sí Igbó-Ọrà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi àti ìyá mi ń yan gàrí lẹ́bàá títì nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. A sá wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Nígbà tí àwọn adigunjalè lọ tán, a bá Bàbá nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ya ní itan rẹ̀.

Mọ́tò báǹkì mìíràn dé. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún ọ̀gá tó sọ̀ kalẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbé e lọ ọsibítù!”

“Ẹ ní sùúrù, màmá. Ẹ jẹ́ ká kó àpótí owó tó ṣẹ́ kù ná.”

Wọ́n ń to àpótí sínú mọ́tò. Èmi rò pé àyè ni wọ́n ń ṣe fún Bàbá. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n lọ.

Ìyá mi sọ igbá tó fi ń yan gàrí, tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, mọ́ wọn lẹ́yìn. “Ṣé owó ló bí yín ni?”

Nígbà tí mo dàgbà, dókítà kan sọ fún mi pé irú ọgbẹ́ tó pa Bàbá yẹn kì í pani bí èèyàn bá tètè dé ọsibítù.

Lọ́jọ́ náà, ọlọ́kadà kan ló gbé ìyá mi àti Bàbá lọ sí ọsibítù. Ìyá mi fi ìró rẹ̀ gbá Bàbá mọ́ àyà bí ọmọ, ó ń pariwo pé, “Kò tíì kú o! Kò tíì kú!” títí ọ̀kadà náà fi jìnnà tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.